Òṣùwọ̀n Tó Wà Lọ́rùn Ọwọ́: Bí A Ṣe Lè Fi Ọgbọ́n Yan Aago àti Áàpù Ìdárayá, Kí A sì Fi Ọgbọ́n Lò Wọ́n

  

Ìfáàrà

Iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde ilé ẹ̀kọ́ yìí rán mi ní àjọ̀dún wọn ni pé kí n sọ̀rọ̀ lórí àwọn aago ìgbàlódé tí ń ka ìṣísẹ̀, tí ń ka lílù ọkàn, àti àwọn áàpù orí fóònù tí ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà tó sọ níhìn-ín. Ore, ní ìjọba ìbílẹ̀ Odigbo, kì í ṣe ìlú tí nǹkan tuntun ń pẹ́ kó tó dé. Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Benin gba àárín wa kọjá. Ohun tí wọ́n bá ń tà ní Computer Village n'Íkẹjà lónìí, kò ní pẹ́ tí yóò fi dé ọwọ́ àwọn tó ń kiri ọjà níbi tí bọ́ọ̀sì ń dúró. Awakọ̀ ń wọ aago yìí, olùkọ́ ń wọ̀ ọ́, ìyá ọlọ́jà ń wọ̀ ọ́. Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé ọmọ wọn ló fi ránṣẹ́ láti London tàbí Houston, pé: "Màmá, ẹ máa wọ̀ ọ́ o, kí ara yín lè máa le."

Aago náà dára, ìfẹ́ ọmọ náà sì dára jù ú lọ. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tó yẹ kó ṣáájú rẹ̀: kí ni a fẹ́ mọ̀ nípa ara wa tí a fi ń wá aago kiri? Abéèrè kì í ṣìnà. Ẹni tó ra aago láìmọ ohun tó fẹ́ bi í, nọ́ńbà ni yóò kàn máa wò láti àárọ̀ dalẹ́. Kókó ọ̀rọ̀ mi kò ju èyí lọ: òṣùwọ̀n ni aago yìí, kì í ṣe dókítà, kì í sì í ṣe adájọ́.

Àgbẹ̀ kòkó pọ̀ nínú ẹ̀yin tó wà níwájú mi yìí, nítorí náà a ó tètè yé ara wa. Ohun mẹ́ta ni gbogbo àgbẹ̀ Odigbo mọ̀ nípa òṣùwọ̀n kòkó. Èkíní, àpò kan náà lè gorí òṣùwọ̀n méjì, kí ohun tí wọ́n sọ má bára mu. Èkejì, bí òṣùwọ̀n kan bá tilẹ̀ ń ṣì, bó bá jẹ́ òun nìkan lò ń lò, wàá ṣì mọ̀ bóyá kòkó ọdún yìí ju ti èṣí lọ. Ẹ̀kẹta, ó yẹ kí o mọ ẹni tó ni òṣùwọ̀n, kí o sì mọ ohun tí òun ń rí níbẹ̀. Orí ohun mẹ́ta yìí ni ọ̀rọ̀ mi yóò dúró lé.

Bí aago ṣe ń ṣiṣẹ́

Ẹ̀rọ bíńtín kan wà nínú aago náà tí ń mọ̀ bí ọwọ́ bá mì. Bí ọwọ́ bá ń fì síwá sẹ́yìn bíi ti ẹni tó ń rìn, aago a kà á sí ìṣísẹ̀. Kò rí ẹsẹ̀ yín rárá. Ní abẹ́ rẹ̀, níbi tó ti kan awọ ara, iná aláwọ̀ ewé kan ń tàn. Ẹ̀jẹ̀ a máa mu irú ìmọ́lẹ̀ yìí. Ìgbàkígbà tí ọkàn bá lù, tí ẹ̀jẹ̀ sì pọ̀ sí i lọ́rùn ọwọ́, ìmọ́lẹ̀ tó ń padà sínú aago a dín kù. Aago a wá ka iye ìgbà tó dín kù ní ìṣẹ́jú kan, a sì pè é ní lílù ọkàn. Èyí tó bá ní GPS a tún máa gba ìròyìn láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì, kó lè mọ ibi tí ẹ gbà àti bí ẹ ṣe yára tó.

Nínú ọ̀pọ̀ aago, ohun tí aago fojú ara rẹ̀ rí kò ju ìyẹn lọ: ọwọ́ tó ń mì, ìmọ́lẹ̀ tó padà wá, àti ibi tí a wà. Gbogbo ìyókù, ìyẹn kálórì tí a jó, bí oorun ṣe dára sí, bí àníyàn ṣe pọ̀ tó, ìṣirò ni. Ó mú ọjọ́ orí, gíga àti ìwúwo tí ẹ kọ sínú áàpù, ó mú un mọ́ ohun tó rí, ó wá fojú díwọ̀n ìyókù. Nítorí náà, bí nọ́ńbà kan bá ṣe jìnnà sí ohun tí aago fojú rí tó, bẹ́ẹ̀ ni kí ìgbẹ́kẹ̀lé wa nínú rẹ̀ dín kù tó.

Ibi tí òṣùwọ̀n ti ń ṣì

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ náà wá sí àdúgbò wa. Ẹni tó gun ọ̀kadà láti Ore lọ sí abà lórí ọ̀nà eléèpẹ̀ oníkòtò lè sọ̀kalẹ̀ kó rí i pé aago ti ka ìṣísẹ̀ tí kò rìn sí i lọ́rùn, nítorí bí máṣíìnì ṣe ń mì ni ọwọ́ ń mì. Aláàárù tó ń ti bárò káàkiri ọjà láti òwúrọ̀, ọwọ́ rẹ̀ di irin mú gírígírí, kò fì; aago lè kà á sí ẹni tó jókòó. Ìyá tó gbé ẹrù karí, tó fi ọwọ́ kan dì í mú, tó tún pọn ọmọ, bákan náà ni. Ẹni tó ń ro oko, ẹni tó ń fọ́ kòkó, ẹni tó ń gbé pákó ní sọ́míìlì, òógùn á bò wọ́n, ìṣísẹ̀ wọn kò sì ní pọ̀ lórí aago. Ẹ má ṣe jẹ́ kí aago pe àgbẹ̀ ní ọ̀lẹ.

Ti kálórì tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 2017, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà dán irú aago 7 wò. Nínú kíka lílù ọkàn, 6 nínú wọn ṣe dáadáa. Àṣìṣe wọn kò tó ìdá 5 nínú 100. Ṣùgbọ́n nínú kálórì, kò sí ọ̀kan tó ṣeé gbára lé: èyí tó sàn jù nínú wọn fi ìdá 27 nínú 100 ṣì í, èyí tó burú jù fi ìdá 93 ṣì í. Ẹni tó bá torí pé aago ní òun ti jó kálórì púpọ̀, tó wá fi òkèlè kún oúnjẹ alẹ́, lè máa rìn lójoojúmọ́ kó sì máa sanra sí i.

Áàpù tí ń ka oúnjẹ náà kò yàtọ̀. Ẹ lè rí búrẹ́dì àti ẹyin níbẹ̀ wẹ́rẹ́. Ẹ wá lọ wá púpurú, tàbí ẹ̀bà ilé ìyá yín. Bí ẹ bá tilẹ̀ rí i, nínú ọ̀pọ̀ áàpù, ó lè jẹ́ ẹnì kan tó ń lo áàpù náà bíi tiyín ló fojú díwọ̀n rẹ̀, tó kọ ọ́ síbẹ̀. Abọ́ tirẹ̀ lè má tó ìdajì abọ́ tiyín. Ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá oúnjẹ òun pọ̀ jù, kó máa fi abọ́ kan náà bù ú, kó sì máa gun òṣùwọ̀n lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ní òwúrọ̀. Ìyẹn yóò sọ òótọ́ fún un ju áàpù lọ.

Ọ̀rọ̀ awọ ara tún wà níbẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, àwọn dókítà ní Michigan tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde lórí ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi há ìka aláìsàn ní ilé ìwòsàn láti mọ bí afẹ́fẹ́ ọ́síjìn ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀. Ìgbà tí ẹ̀rọ náà kùnà láti rí i pé ọ́síjìn ti lọ sílẹ̀ lára aláwọ̀ dúdú fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 3 ti aláwọ̀ funfun. Bí ẹ̀rọ ilé ìwòsàn bá ń ṣì báyẹn, ti ọrùn ọwọ́ ńkọ́? Bí mímí bá nira fún yín, tí aago sì ń sọ pé ọ́síjìn yín jẹ́ 98 nínú 100, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbọ̀nà.

Ta ló ní kí a rìn ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá?

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé bí ẹni kan kò bá rin ìṣísẹ̀ 10,000 lóòjọ́, kò tíì rìn. Ibi tí nọ́ńbà yẹn ti wá nìyí: ní ọdún 1965, lẹ́yìn ìdíje Òlíḿpíìkì tí wọ́n ṣe ní Tokyo ní 1964, ilé iṣẹ́ Yamasa ní Japan gbé ẹ̀rọ kékeré kan jáde tí ń ka ìṣísẹ̀, wọ́n sì fi 10,000 ṣe orúkọ rẹ̀ kó lè tà. Ọjà ló bí nọ́ńbà yẹn. Kì í ṣe ìwádìí dókítà.

Nígbà tí ìwádìí wá dé, ohun mìíràn ló sọ. Ní ọdún 2019, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ I-Min Lee àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde ìwádìí jáde lórí àwọn obìnrin 16,741 ní Amẹ́ríkà, tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ nǹkan bí 72. Àwọn tó ń rin nǹkan bí 4,400 lóòjọ́ kò kú tó àwọn tó ń rin nǹkan bí 2,700. Àǹfààní náà ń pọ̀ sí i títí dé nǹkan bí 7,500, kó tó dúró sójú kan. Màmá tó ń rin 3,000, tó fi 1,500 kún un, ti ṣe ohun ńlá. Kò yẹ kó sùn pẹ̀lú ìbànújẹ́ torí pé aago kò kí i kú oríire.

Àjọ Ìlera Àgbáyé kò tilẹ̀ ka ìṣísẹ̀ nínú ìmọ̀ràn tí wọ́n gbé jáde ní 2020. Ìṣẹ́jú ni wọ́n kà: kí àgbàlagbà fi 150 sí 300 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ ṣe ohun tó ń mú kí mímí yára díẹ̀, bíi kó rìn kánmọ́kánmọ́, kó sì fi ọjọ́ 2 ó kéré tán ṣe ohun tó ń fún iṣan lágbára. Ẹ lè fi ẹnu dán an wò: bí ẹ bá ń rìn tí ẹ lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ kò lè kọrin, ẹ ti dé ibẹ̀. Ẹnu kì í gba ṣájì, kì í sì í jẹ dátà.

Ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣúgà àti ọkàn

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin àgbà tẹ́tí sí jù. Àwọn aago kan wà tí wọ́n ń tà lówó pọ́ọ́kú, tí ẹni tó ń tà á yóò sọ pé ó ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, ó ń wọn ṣúgà, ó ń wọn ohun gbogbo. Ẹ ṣọ́ra. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, àjọ FDA tí ń ṣàmójútó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ fún aráàlú pé àwọn kò tíì fọwọ́ sí aago tàbí òrùka kankan tó lè dá wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ láìgún awọ ara. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, tó wá ń fi irú aago bẹ́ẹ̀ pinnu oògùn tí yóò lò, ẹ̀mí rẹ̀ ló fi ń ta tẹ́tẹ́.

Ti ẹ̀jẹ̀ ríru, aago Samsung tó ń wọ̀n ọ́n pàápàá ní kí ẹni tó wọ̀ ọ́ kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ alápá tòótọ́, èyí tí a ń so mọ́ apá, wọ̀n ọ́n, kó sì máa tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ 28 kọ̀ọ̀kan, kí aago lè mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Bí ilé iṣẹ́ ńlá bá ṣì gbára lé ẹ̀rọ alápá, ti ojú títì tí kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ yín, níbo ló ti rí tirẹ̀?

Ọkàn ni aago ti ṣe dáadáa díẹ̀. Nínú ìwádìí tí Stanford ṣe pẹ̀lú aago Apple, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2019, àwọn èèyàn 419,297 ló kópa. Nǹkan bí ẹni 1 nínú 200 ni aago kìlọ̀ fún pé ọkàn rẹ̀ ń lù ségesège. Nígbà tí wọ́n fi ẹ̀rọ tó péye yẹ díẹ̀ lára àwọn tí aago kìlọ̀ fún wò lẹ́yìn náà, nǹkan bí ìdá 34 nínú 100 ni wọ́n rí àìsàn náà lára wọn. Ohun tí èyí kọ́ wa ni pé bí aago bá kìlọ̀, ká lọ rí dókítà, ká má ṣe kú kí ikú tó dé. Bí kò bá sì kìlọ̀, tí àyà ń dun wá, ká lọ rí dókítà bákan náà. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ìdájọ́ tèmi nìyí, mo sì fẹ́ kí ẹ gbé e délé: bí owó ẹyọ nǹkan kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ yín, tí ẹ sì ti lé ní ogójì ọdún, ẹ̀rọ alápá tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, kì í ṣe aago. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀, kí apá wà ní ìwọ̀n ọkàn, kí ẹnu dákẹ́. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Bó bá ń wà ní 140 lórí 90 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ léraléra, ẹ mú ìwé yẹn lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba. Ẹ̀yin ọmọ wa tó wà lókè òkun, ẹ̀rọ yìí ni kí ẹ fi síwájú aago nínú ẹrù tí ẹ ń dì bọ̀ wá sílé.

Bí a ṣe lè yàn án

Ẹni tó bá ti rí ìdáhùn sí ìbéèrè àkọ́kọ́, pé kí ni òun fẹ́ mọ̀ nípa ara òun, tó sì ṣì fẹ́ aago, kó wo ohun wọ̀nyí.

Èkíní, fóònù tó wà lọ́wọ́ yín lè ti máa ka ìṣísẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọkùnrin tó ń fi fóònù sápò ṣòkòtò lè má nílò aago rárá. Ìyá ọlọ́jà ni ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀: orí tábìlì ọjà ni fóònù rẹ̀ ń wà nígbà tí òun ń lọ tó ń bọ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni aago kékeré tí kò wọ́n yóò wúlò fún.

Èkejì, kó bá fóònù yín mu. Aago Apple kì í bá fóònù mìíràn ṣiṣẹ́ àyàfi iPhone. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ti fi í ránṣẹ́ sí bàbá tó ń lo Tecno.

Ẹ̀kẹta, ẹ béèrè iye ọjọ́ tí bátìrì ń lò. Àwọn aago olówó ńlá kan ń fẹ́ ṣájì lójoojúmọ́. Àwọn kékeré lè lo ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin náà mọ bí iná wa ṣe rí.

Ẹ̀kẹrin, ẹ béèrè bóyá owó oṣooṣù wà nínú rẹ̀. Àwọn kan wà tí wọn kò ní ṣiṣẹ́ bí ẹ kò bá máa san dọ́là.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ dán an wò kí ẹ tó sanwó. Ẹ so aago náà mọ́ ìgò omi, kí ẹ ní kó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Aago tó bá fún ìgò ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á.

Ẹ̀kẹfà, ẹ gba rìsíìtì lọ́wọ́ ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù. Ní 2022, Fitbit, tó ti di ti Google, kó irú aago rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Ionic padà nítorí pé bátìrì rẹ̀ ń gbóná, ó sì ti jó àwọn èèyàn lára. Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, ẹni tó rà á lójú títì kò ní rí ẹni bá sọ̀rọ̀.

Bí a ṣe lè lò ó

Òṣùwọ̀n kan ṣoṣo ni kí a máa lò. Ọwọ́ tí ẹ bá fi wọ̀ ọ́ lónìí ni kí ẹ máa fi wọ̀ ọ́. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ má yí nǹkan kan padà. Ẹ kàn máa wò ó, kí ẹ lè mọ ibi tí ẹ wà. Lẹ́yìn náà, ẹ fi bíi ìṣísẹ̀ 500 kún un. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ẹ má fi ara yín wé ti ẹni tó wà ní ìlú mìíràn. Ọ̀sẹ̀ yìí ni kí ẹ fi wé ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Ẹ̀yin awakọ̀ wa, ẹ̀yin ni ìjókòó pọ̀ fún jù. Nígbà tí àwọn èrò bá ń jẹun ní Ore, ẹ yí ọkọ̀ yín po lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ẹ jẹ́ kí aago máa rán yín létí láti dìde. Iṣẹ́ kan nìyẹn tó mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa.

Ẹni tó fẹ́ jò náà gbọ́dọ̀ mọ̀ pé wíwọ aago nìkan kì í mú èèyàn jò. Ní 2016, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Pittsburgh tẹ àbájáde ìwádìí jáde lórí àwọn èèyàn 471 tó fẹ́ dín ìwúwo wọn kù. Gbogbo wọn gba ẹ̀kọ́ lórí oúnjẹ àti ìdárayá; wọ́n wá fún apá kan ní ẹ̀rọ tí wọn yóò máa wọ̀. Lẹ́yìn oṣù 24, àwọn tó wọ ẹ̀rọ fi kílò 3.5 jò, àwọn tí kò wọ̀ ọ́ fi kílò 5.9 jò.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sáré ní ọ̀nà márosẹ̀ nítorí pé ẹ fẹ́ kí aago kọ nọ́ńbà tó ga. Ẹni tó ki nǹkan orin bọ etí kò ní gbọ́ tírélà. Pápá ilé ẹ̀kọ́ tó wà nítòsí sàn ju ibẹ̀ lọ, ní ìdájí kí oòrùn tó mú. Aláboyún, ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò dára, ẹni tó ti pẹ́ tó ti ṣe eré ìdárayá gbẹ̀yìn, kí wọ́n kọ́kọ́ bá dókítà sọ̀rọ̀. Bó bá sì jẹ́ pé nọ́ńbà oorun tí aago ń kọ ni kò jẹ́ kí ẹ sùn, ẹ bọ́ ọ sílẹ̀.

Ta ló ni òṣùwọ̀n?

Ohun tí aago bá kà kì í dúró sí ọrùn ọwọ́. Inú fóònù ló ń lọ, láti ibẹ̀ ló ń gba ilé iṣẹ́ tó ṣe é lọ. Ní 2018, àwọn olè íntánẹ́ẹ̀tì wọ inú áàpù MyFitnessPal, wọ́n sì kó ìsọfúnni nǹkan bí mílíọ̀nù 150 àkáǹtì lọ. Ní 2021, ìjọba Amẹ́ríkà mú ilé iṣẹ́ Flo, tí àwọn obìnrin ń lò láti ka nǹkan oṣù wọn, lórí ẹ̀sùn pé ó ń fún Facebook àti Google ní ìsọfúnni nípa ara àwọn obìnrin náà lẹ́yìn tó ti ṣèlérí pé àṣírí ni. Ní oṣù Kìíní ọdún 2018, akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Australia ṣàkíyèsí pé máàpù tí áàpù Strava gbé síta, tó fi ibi tí àwọn èèyàn ń sáré hàn, ti tú àṣírí bárékè àwọn ọmọ ogun.

Bí áàpù bá lè tú àṣírí bárékè, kí ni kò ní jẹ́ kó tú ti ọ̀nà oko wa? Lákòókò yìí tí ààbò ọ̀nà oko ń kọ gbogbo wa lóminú, kò yẹ kí àjèjì máa rí àkókò tí ẹ ń jáde àti ọ̀nà tí ẹ ń gbà. Ẹ wọ inú áàpù, ẹ pa ìfihàn fún gbogbo ayé, ẹ fi ibi tí ilé yín wà pamọ́, ẹ sì jẹ́ kó mọ ibi tí ẹ wà kìkì ìgbà tí ẹ bá ń lò ó. Bí ẹ bá fẹ́ ta aago tàbí fóònù, ẹ nu ohun inú rẹ̀ nù ná. Òfin Ààbò Ìsọfúnni tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ ohun tó yẹ kí a dáàbò bò gidigidi, ó sì fún yín ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ohun tí ilé iṣẹ́ mọ̀ nípa yín. Ẹ̀yin ọmọ òkè òkun, bí ẹ bá so aago Màmá mọ́ fóònù yín, ẹ sọ fún wọn, kí ẹ sì gbàṣẹ lẹ́nu wọn. Àgbà ni wọ́n; ara wọn ni wọ́n ni.

Ìkádìí

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde, ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta ni mo bẹ̀ kí n tó jókòó. Kí ẹgbẹ́ ra ẹ̀rọ alápá fún ilé ẹ̀kọ́ yìí, kí nọ́ọ̀sì kan sì máa fi wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn òbí ní ọjọ́ ìpàdé. Kí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ àti ìjọba ìbílẹ̀ ṣí pápá sílẹ̀ fún aráàlú ní ìdájí. Kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ fóònù lò jókòó ti àwọn òbí yín lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ bá wọn pa ohun tó yẹ ní pípa nínú áàpù wọn.

  Ìlera ni oògùn ọrọ̀. Bí ẹ bá jáde níbí, tábìlì àwọn nọ́ọ̀sì wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ má kọjá láìjẹ́ kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín.